Ìgbòkun Àpò Fúláwà, Láti Ìkòsí Dé Kútọnu

Ẹ̀yin ará Ìkòsí, ẹ̀yin ará Kétu, àti ẹ̀yin tí ẹ dúró sí etí omi Agbóyi lọ́jọ́ tí à ń lọ, tí ẹ káwọ́ lérí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀: a ti dé. A ò kú. Àwọn tó ti ń ṣètò sàráà wa sílẹ̀, kí wọ́n se ìrẹsì náà fún àwọn ọmọ wọn.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ lẹ́yìn wa, nítorí ẹnu kì í dákẹ́ ní Kétu. Ẹ ní ọkọ mi, Bàbá Múfú, ti ń ṣarán. Ẹ ní èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, tí mi ò mọ omi kan ju èyí tó wà nínú àmù lọ, ni mo ti ọkọ mi sínú ewu. Láti ìgbà tí a ti dé, ẹ̀ ń béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, ó sì ti sú mi láti máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kà á tán tó ṣì fẹ́ bú wa, kó wá bú wa lójú wa. Ẹ mọ ilé wa.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wá: ọkọ mi, Làmídì, ọmọ etí omi ni ní Ìkòsí níbí. Ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ló fi ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri èbúté Èkó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni Sìdíkátù. Aránṣọ ilé ìwòsàn ni mí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi rán aṣọ ibùsùn àti aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tó ń fẹ́ mi, ó ṣèlérí pé lọ́jọ́ kan òun máa gbé mi gba orí ọ̀sà lọ títí dé Kútọnu, níbi tí ọ̀sà ti ń wọ inú òkun. Ọmọ dé, owó ilé-ìwé dé, iṣẹ́ kò sì jẹ́. Ọdún tí àwọn ará Dàhòmì yí orúkọ ìlú wọn padà sí Benin ni àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì. Mo wò ó lójú, mo ní, "Bàbá Múfú, Kútọnu dà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ bá agbẹ́kọ̀ sọ̀rọ̀.

Múfútáù, àkọ́bí wa, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Ó ti kọ́ ilé sí Gbàgádà, ó sì kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn rẹ̀, bọ́ìsì kọ́tà, ó ní ibẹ̀ ni kí a wá sinmi sí, kí a fi ilé Ìkòsí sílẹ̀ fún ayálégbé. "Màmá, ìsinmi ló kù fún yín báyìí. Kí lẹ tún ń wá lórí omi?" Ọmọ dáadáa ni Múfú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó fẹ́ràn wa. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó máa kó èèyàn kúrò ní iwájú ilé tirẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn, mi ò fẹ́ irú rẹ̀.

A fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi di àdéhùn. Bí ìgbòkun bá gbé wa lọ, tó sì gbé wa bọ̀, Múfú kò ní dárúkọ Gbàgádà sí wa létí mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá gbé wa padà wálé, ì báà jẹ́ láti Àgbádárìgì níbí, a máa palẹ̀ ẹrù wa mọ́, a máa kó lọ sí bọ́ìsì kọ́tà láìjiyàn. Lọ́jọ́ tí à ń lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lé mi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo yín.

"Ẹ mú un dání, Màmá. Ẹ máa nílò rẹ̀."

Mo so ó mọ́ etí ìró mi. Mo ní mo ti gbọ́.

Lábẹ́ afárá

Mi ò ní purọ́ fún yín: ẹ̀rù bà mí. Ọkọ̀ wa kì í ṣe ọkọ̀ ńlá. Igi gbígbẹ́ ni, ó fi díẹ̀ gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ, òpó kan sì dúró láàárín rẹ̀. Èmi ni mo fi àpò fúláwà rán ìgbòkun rẹ̀, àpò mẹ́rìnlélógún tí mo fọ̀, tí mo sá títí wọ́n fi funfun, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa tí wọ́n fi kọ̀wé sí wọn lára kọ̀, kò ṣí. Nígbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀, àwọn apẹja á máa pariwo láti inú ọkọ̀ wọn pé, "Oníbúrẹ́dì, èélòó ni?" Èmi náà á dá wọn lóhùn pé búrẹ́dì ti tán, ẹ̀ẹ́rún ló kù.

Láti Agbóyi dé ọ̀sà, mo di etí ọkọ̀ mú bí ẹni di ọmọ mú. Nígbà tí a bọ́ sí gbangba, tí omi wà lọ́tùn-ún, tí omi wà lósì, mo ké "Lá ìláhà", gbogbo ohun tí mo jẹ láàárọ̀ sì padà sínú ọ̀sà. Bàbá Múfú kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn ní, "Má wo omi. Ibi tí à ń lọ ni kó o máa wò."

Ní Èkó, a ní láti sọ òpó wa kalẹ̀ kí a tó lè gba abẹ́ afárá kọjá. Mọ́tò ń kùn lórí wa, àwọn èèyàn ń yọrí wò wá láti òkè. Ọkùnrin kan tó faratì irin afárá bi wá pé ṣé mọ́tò ò sí mọ́ ní Èkó ni? Mo dá a lóhùn pé ó wà, pé mọ́tò yẹn náà ló ń dúró dè láti àárọ̀. Bàbá Múfú rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀pá tó fi ń ti ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọyẹ́ ló ń fẹ́ lákòókò náà, ó ń tì wá lẹ́yìn lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Múfú gbé àjẹ̀ ńlá tí a fi ń darí ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo darí wa wọ inú koríko etí omi. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fa àwọ̀n apẹja kan ya, ó sì bú mi ní èdè Ègùn títí a fi kọjá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a máa fi rí àwọn igi àgbọn Àgbádárìgì, ọkọ mi ti ń sùn nísàlẹ̀ òpó, fìlà bò ó lójú, èmi ọmọ Ìsẹ́yìn sì ni mò ń wa ọkọ̀. Ó wù mí kí ìyá mi wà láyé kó rí mi.

Fàájì

Ní ibodè orí omi, ọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní kí a súnmọ́ tòsí. Ó wọ kakí, ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ti àbíkẹ́yìn mi lọ.

"Ẹ káàsán o. Kí lẹ kó sínú ọkọ̀?"

"Gàrí," ni mo wí, "ẹja gbígbẹ, ìkòkò, ẹní, àdògán, àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi."

Ó tú gbogbo rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ inú gàrí wa dé ìgbọ̀nwọ́, bóyá ó rò pé a ri wúrà mọ́ ọn. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó nàró, ó gbọn gàrí kúrò lápá.

"Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Fàyàwọ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Fàájì là ń ṣe."

"Fàájì? Ẹ̀yin àti Bàbá?"

"Ọ̀gá, ṣé òfin wà tó ní kí arúgbó má ṣe fàájì? Ẹ kà á sí mi létí kí n gbọ́."

Bàbá Múfú ń fojú bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi rán aṣọ fún àwọn tó ń ṣàìsàn, pé ọkọ mi fi tirẹ̀ gbé àwọn tó ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ, pé ó wá kan àwa náà láti lọ síbì kan. Ó wo ìgbòkun, ó wo irun funfun ọkọ mi. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá mi kò tíì jáde lábúlé láti ọdún tí bàbá mi ti kú," ó ní. "A ò tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ jáde."

"Lọ béèrè," ni mo wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ wa kúrò létí ilẹ̀. Bàtà rẹ̀ wọnú omi, kò bìkítà.

Àjàṣẹ́

Ọ̀sán ni a gúnlẹ̀ sí Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Benin. Obìnrin opó kan tó ń sá ẹja létí omi, Ìyá Rafátù, gbọ́ tí à ń sọ Yorùbá, ó sì fà wá lọ sílé rẹ̀ kí a tó ṣàlàyé ara wa. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀, àmọ́ Yorùbá tiwọn ń fò sókè níbi tí tiwa ti ń rọlẹ̀, Faransé sì ń yọjú láàárín rẹ̀ bí òkúta nínú ẹ̀wà.

Ó ní kí a jókòó. Ó bu omi sínú igbá, ó sì kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ lójú mi kó tó gbé e fún mi. Inú bí mi. Àmukù! Èmi àgbàlagbà! Mo gbé igbá náà kalẹ̀. Bàbá Múfú fẹsẹ̀ tọ́ mi nísàlẹ̀ àga, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára. Ìyá Rafátù wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún, ẹ̀gbọ́n mi. Bí a ti ń ṣe é níbí nìyẹn. Onílé ló ń kọ́kọ́ mu ún, kí àlejò lè mọ̀ pé májèlé kò sí nínú rẹ̀."

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo mu ún tán, mo tún ní kó bu òmíràn wá.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Búrẹ́dì wọn gùn bí apá èèyàn, ẹ̀yìn rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀, wọn kì í sì í wé e ní nǹkan kan. Abíyá ni wọ́n ń há a sí. Lọ́jọ́ kìíní, mo búra pé mi ò ní jẹ búrẹ́dì abíyá láéláé. Lọ́jọ́ kẹta, èmi náà há tèmi, mò ń lọ láàárín ọjà. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn aládùúgbò ń kó aṣọ yíya wá, wọ́n ń fi èkọ àti ẹja dípò owó. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ìgbòkun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín, ẹ̀yin ará Ìkòsí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ẹ ti ń pè mí ní ará òkè. Mo bímọ láàárín yín, mo sìnkú láàárín yín, ará òkè ni mí síbẹ̀. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pè mí ní ará etí omi. Mi ò tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Ó dùn mọ́ mi.

Igi inú omi

Lẹ́yìn Àjàṣẹ́, adágún ńlá kan wà, àwọn abúlé dúró lórí òpó láàárín rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí a wọ orí rẹ̀ ni ibà dá Bàbá Múfú dùbúlẹ̀. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ mẹ́ta nínú oòrùn ọ̀sán. Mo fẹ́ se omi gbígbóná àti èkọ fún un, igi ìdáná sì ti tán.

Mo gbójú sókè, mo rí igi. Ẹ̀ka igi tó pọ̀ bí igbó ló dúró láàárín omi, ìsàlẹ̀ wọn nínú omi, orí wọn gbẹ kanrankanran lókè. Olè kọ́ ni mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lóko wa, igi tó bá lólúwa, a máa rí ààlè lára rẹ̀, ì báà ṣe àkísà àti ìkarahun ìgbín lásán, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé kó má fọwọ́ kàn án. Mo wa ọkọ̀ yí igi náà ká, mò ń wá ààlè. Mi ò rí àkísà, mi ò rí ìkarahun, mi ò rí màrìwò. Ni mo bá ṣẹ́ ẹ. Èyí tí kò ṣeé ṣẹ́, mo fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Mọ́kànlélógún ni mo kó, mo dáná nínú àdògán, mo se èkọ, ọkọ mi mu ún, ó sì làágùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi igi ọ̀fẹ́ sáàárín omi.

Ọpẹ́ náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí ọkọ̀ mẹ́ta fi yí wa ká. Ọkùnrin arúgbó kan fò sínú ọkọ̀ wa. Sẹ̀nù lorúkọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi Ègùn sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé mi ò gbọ́, ó yí i sí Yorùbá, nítorí ó ti ta ẹja fún àwọn Yorùbá pẹ́.

"O ti dáná sun ilé ẹja mi!"

Kí n tó lanu, ó ti tú ìgbòkun wa, ó ti ká a sí abẹ́ apá.

Abúlé wọn ni wọ́n fà wá lọ, wọ́n gbé ọkọ mi gun àkàsọ̀ lọ sínú ilé, wọ́n fún un ní ẹní, wọ́n sì fún mi lómi kí wọ́n tó bá mi ṣẹjọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé igi yẹn kì í ṣe igi lásán. Àkájà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ri ẹ̀ka mọ́lẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹja á sá sábẹ́ rẹ̀, á máa jẹ ohun tó ń hù lára igi, á sì máa bímọ síbẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká. Igi tí mo fà tu ti da ibẹ̀ rú, ẹja ti sá lọ.

"Kí ló dé tí o kò béèrè?" ni baálé wọn wí. Sẹ̀nù ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Mi ò rí ààlè lára rẹ̀."

Wọ́n bi mí pé kí ni ààlè. Mo ṣàlàyé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi baálé.

"Lórí omi yìí," ó ní, "kò sí igi tó dédé dúró. Bí igi bá dúró, ẹnì kan ló gbé e dúró. Kí la fẹ́ fi ààlè ṣe?"

Ìtìjú bá mi, mo sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí mi ò mọ bí àwọn obìnrin wọn ṣe ń bẹ̀bẹ̀.

Ìdájọ́ rẹ̀ kò gùn. Ọwọ́ tó tu igi ni yóò rì í padà, igi mẹ́ta dípò ẹyọ kan, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí a kò bá lè ṣe é, kí a fi ìgbòkun náà sílẹ̀ fún Sẹ̀nù, wọ́n á fi ọkọ̀ wọn gbé wa dé ojú títì, kí a wọ mọ́tò lọ sílé ní àlàáfíà.

Mọ́tò. Mo fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà létí ìró mi.

"Ẹ fi ibi tí wọ́n ti ń gé igi hàn mí," ni mo wí.

Píjò òfìfo

Igi mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Màá fi ọkọ̀ lọ sí etí ilẹ̀, màá gé e, màá kó o bọ̀, màá sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó dé mi láyà, èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, màá sì máa ri í sínú ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀nù jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wò mí. Bí mo bá ri ọ̀kan tó wọ́, ó máa ní kí n tún un rì. Lọ́jọ́ kejì, ó so okùn mọ́ mi níbàdí, ó di orí kejì mú kí omi má baà gbé mi lọ. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń fún ọkọ mi ní ọbẹ̀ ẹja láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún, mo ti ri ogójì, nígbà tí mo gbọ́ ohùn tí mo mọ̀.

"Màmá!"

Múfú ni. Obìnrin ẹlẹ́ja kan tó ń kó ẹja wá sí Kétu ló sọ fún un pé wọ́n ti mú àwọn arúgbó méjì kan láti Ìkòsí lórí adágún. Ó ti wa Píjò rẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ó háyà ọkọ̀, ó dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Nígbà tó rí mi nínú omi pẹ̀lú okùn níbàdí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ẹ jáde níbẹ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Mọ́tò wà ní Àjàṣẹ́."

Ó ní òun máa san owó ohunkóhun tí a bà jẹ́. Sẹ̀nù ní owó kì í bí ẹja. Múfú bẹ̀rẹ̀ sí í ká ṣòkòtò rẹ̀ kó lè wọ omi bá mi ṣe é. Sẹ̀nù mirí pé kò gbọdọ̀ jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Èmi àti Múfú jọ lọ sínú ilé tí bàbá rẹ̀ wà, omi ń kán tótó-tótó lára mi sórí pákó.

Bàbá Múfú jókòó sórí ẹní, ó ti rù. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá Múfú, ó tó. Ọmọ ti wá. Jẹ́ ká máa lọ."

Nínú gbogbo ìrìn-àjò yẹn, kò sí ohun tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn. Ibà rẹ̀ kò dùn mí tó o, omi kò dùn mí tó o.

"Ẹ wọ mọ́tò, Bàbá Múfú," ni mo wí. "Ara yín kò yá, mi ò ní bínú. Ẹ máa sinmi ní Gbàgádà. Èmi máa ri igi mi tán, màá ta ìgbòkun mi sórí òpó, màá dé Kútọnu, màá sì padà sí ilé mi."

"Màmá, àkísà fúláwà lẹ̀ ń torí rẹ̀ kú sómi!"

"Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà, Múfú."

"Ta ló máa wa ọkọ̀ fún yín?"

Mi ò tíì dáhùn tí ohùn kan fi jáde láti orí ẹní.

"Òun ni." Bàbá Múfú ń wá fìlà rẹ̀ kiri. "Òun ló ń wà á. Àtìgbà tí a ti kúrò ní Àgbádárìgì, òun ló ń wà á, èmi ń sùn." Ó rí fìlà náà, ó dé e. "Ṣé o mú oògùn ibà dání?"

Múfú ní òun mú un dání.

"Kó o fún mi. Lẹ́yìn náà kó o máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀nà jìn."

Múfú yọ oògùn náà lápò, ó kà á sí i lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ bó ṣe máa lò ó fún un. Òfìfo ni Píjò rẹ̀ padà sí Gbàgádà.

Kútọnu

Lọ́jọ́ tí mo ri igi tó kẹ́yìn, Sẹ̀nù gbá gbogbo igi náà mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mì wọ́n. Wọ́n dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló ta ìgbòkun wa padà sórí òpó. Ó wá fa ẹ̀ka gbígbẹ kan yọ láti inú àkájà rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Èyí tìrẹ ni. Fi dáná."

Mi ò fi dáná. Ẹ óò rí ibi tí ó wà.

Kútọnu kò jìn síbẹ̀ mọ́. A gba àárín ìlú kọjá lórí omi, èrò ń ta, èrò ń rà, wọ́n ń fi Faransé kí wa, àwa ń fi Yorùbá dáhùn. Bí ilé ṣe tán, mo gbọ́ ariwo kan níwájú. Ọ̀sà wa, èyí tó ń fọ́ sétí ilẹ̀ wa níbí, ń lọ wọ inú òkun láìjà. Mo na ọwọ́, mo bu omi náà tọ́ wò. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

"Ó dé o, Sìdíkátù," ni ọkọ mi wí. Kò pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí Múfú.

Mo sunkún. Kì í ṣe ìbànújẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi jẹ mí ní ìlérí, ó sì san án.

Àgò

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọyẹ́ ti lọ, atẹ́gùn òkun ló gbé wa bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni a wọ Ìkòsí, púpọ̀ nínú yín sì wà níbẹ̀. Ẹ rí Múfú tó dúró sétí omi. Àwọn aládùúgbò ló sọ fún mi pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tó ti ń wá dúró síbẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó wọnú omi pẹ̀lú bàtà, ó fa ọkọ̀ wa gúnlẹ̀. Kò dárúkọ Gbàgádà.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé, mo tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò létí ìró mi. Ó na ọwọ́ láti gbà á. Mi ò fún un. Mo mú ẹ̀ka igi Sẹ̀nù, mo ya etí kan lára ìgbòkun àpò fúláwà, mo fi so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ igi, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, kí lèyí?"

"Ààlè ni. O rí èmi àti bàbá ẹ, igi gbígbẹ méjì tó dúró, o sì rò pé kò lólúwa. Mi ò bá ẹ wí. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì kọ́ mi."

Ó gbójú sókè, ó wo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó ń mì lórí igi. Mo wọlé, bàbá rẹ̀ ti wọlé ṣáájú mi. Mo rò pé ó máa tẹ̀ lé wa. Kò wọlé. Ó bọ́ bàtà tó kún fómi, ó dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Inú ilé yìí la bí Múfú sí, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti ń wọ̀ ọ́, tó ń jáde, kò sì kágò rí.

"Àgò onílé o," ó ní.

"Àgò yà," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. "Máa wọlé."